Ọ̀jínà ni àbí Ṣáínà? Ìtàn kabúrétọ̀ alùpùpù láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré

Lára ìlẹ̀kùn kan tí Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà Ìsẹ̀, gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, ère òyìnbó kan wà tí àwọn aláàárù gbé lérí. Ajẹ́lẹ̀ ni òyìnbó náà, Kápútéènì Ambrose lorúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe rù ú wọ̀lú ni Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn yẹn dé ibi ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n sábà máa ń fi ìlẹ̀kùn náà sọ, ṣùgbọ́n ìtàn ìrìnnà náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wo àwọn aláàárù yẹn dáadáa. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń lọ sí Emùré, ẹsẹ̀ ló máa gbé e débẹ̀: bí kì í bá ṣe tirẹ̀, á jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, Raleigh ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni alùpùpù wá ń fojú hàn lemọ́lemọ́ lójú ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ pupa tó gba Ìsẹ̀ kọjá sí Emùré. Owó kòkó ló gbé e dé. Ọdún 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀, iye tí wọ́n ń ra kòkó lókè òkun sì ń gòkè títí ó fi dé ọdún 1954. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sì sí abúlé tí kò fẹ́ ní ilé-ìwé tirẹ̀. Tíṣà, ìsípẹ́kítọ̀, wolé-wolé, ẹni tó ń ra kòkó fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó: iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kò gba ìjókòó sójú kan, àwọn náà ló sì ní owó tí wọ́n lè fi ra ohun tó ń fọhùn lójú ọ̀nà.

Orúkọ tí àwọn àgbàlagbà kò gbàgbé nínú gbogbo alùpùpù ìgbà náà ni BSA. Birmingham Small Arms ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Ilé-iṣẹ́ ìbọn ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1861, ìdí nìyẹn tí àmì rẹ̀ fi jẹ́ ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fi ti ara wọn. Èyí tó kéré jù, tí owó rẹ̀ sì rọjú jù, ni Bantam, tó jáde lọ́dún 1948 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 123cc.

Bantam yìí gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ ẹni tó bá ń pariwo ọ̀jínà, ìyẹn ojúlówó, lẹ́nu. Kì í ṣe ọmọ bíbí Gẹ̀ẹ́sì. RT 125 ti ilé-iṣẹ́ DKW ní Jámánì ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì, àwọn aṣẹ́gun gba àwòrán iṣẹ́ alùpùpù náà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. BSA ṣe tirẹ̀ ní Birmingham, Harley-Davidson ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe tiwọn. Nígbà tí Yamaha máa ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, YA-1 ti ọdún 1955, DKW yẹn kan náà ló wò ṣe. Alùpùpù tí tíṣà gùn wọ ìlú Emùré tí àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ọjà òyìnbó, àdàkọ ni. Àdàkọ tó dára ni, wọ́n sì fi orúkọ ẹni tó ṣe é sí i lára, èyí tó jẹ́ kókó tí a óò tún fojú kàn níwájú.

Kabúrétọ̀ tó wà lára Bantam, àti lára ọ̀pọ̀ jù lọ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Amal ni. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, AMAC, Brown & Barlow àti Binks, ló para pọ̀ di Amal lọ́dún 1927, ìwọ̀nba ni àwọn tó lè bá a du ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Ohun tó wà nínú kabúrétọ̀ kò le bí ẹni tí kò tú u rí ṣe rò. Bí písítìnnì bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ń gba ọ̀fun tóóró kan kọjá. Bí ó ti dé ibi tóóró náà ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí agbára tó fi ń tẹ nǹkan sì ń dínkù. Nísàlẹ̀ ọ̀fun ni ago epo wà. Afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ epo inú ago mọ́lẹ̀ á wá ti epo gba ihò jẹ́ẹ̀tì, idẹ kékeré tí wọ́n lu, gòkè, epo á fọ́n wẹ́wẹ́, òun àti afẹ́fẹ́ á jọ wọ ẹ́ńjìnnì lọ. Fílótì tó léfòó nínú ago ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: bí epo bá ti tó, á gbé abẹ́rẹ́ kékeré kan dí i. Ọwọ́ iná tí ẹni tó ń gùn ún ń yí ló ń fi wáyà fa sìláìdì, ìdènà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ nínú ọ̀fun náà, sókè, abẹ́rẹ́ gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sì so mọ́ sìláìdì náà. Bí sìláìdì ti ń gòkè ni àyè epo ń fẹ̀. Nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kílò epo kan nílò kó tó jó mọ́ tónítóní. Bí epo bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á gba ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á funfun, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, bó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, písítìnnì lè lu ihò.

Ihò tí gbogbo èyí dá lé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè wọ̀n ọ́n. Jẹ́ẹ̀tì Keihin, ilé-iṣẹ́ kabúrétọ̀ Japan, tí wọ́n kọ 100 sí lára, ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Ti Amal yàtọ̀: iye epo tó ń gba inú jẹ́ẹ̀tì kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan ni nọ́ńbà tiẹ̀ ń sọ. Ẹni tó bá rí 100 lára méjèèjì, tó yọ ti ọ̀kan fi sínú èkejì, ẹ́ńjìnnì ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń ro jẹ́ẹ̀tì tó bá dí ni okùn wáyà kan tí wọ́n fà yọ láti inú wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ìdọ̀tí á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ń họ idẹ, bí wọ́n bá sì ṣe é léraléra, jẹ́ẹ̀tì 100 kì í ṣe 100 mọ́. Ojúlówó ni wọ́n kọ sí i lára, ihò inú rẹ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì.

Ohun tó ń pa Amal nílẹ̀ yìí ni eruku. Àdàlù irin tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi dà á, ara rẹ̀ àti sìláìdì inú rẹ̀. Irin rírọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ra wọn, tí eruku ọ̀nà ọ̀gbẹlẹ̀ sì wà láàárín wọn, kò lè pẹ́ kí àyè tó ṣí. Bí àyè bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ tí kò gba ojú ọ̀nà á máa yọ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì kò ní dúró ní sílò mọ́: á máa sáré fúnra rẹ̀, tàbí kó kú ní gbogbo ibi tí ẹni tó ń gùn ún bá ti fẹ́ kí ènìyàn. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọjà wọlé. Ẹni tó wà ní Emùré á fún awakọ̀ lówó lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, á sì máa retí.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Nígbà tí ọ̀nà fi rọ̀, BSA fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ: wọ́n dá Bantam dúró lọ́dún 1971, ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé-iṣẹ́ náà sì wọ inú Norton Villiers Triumph lọ́dún 1973. Àwọn ará Japan ló gba àga. Honda, Suzuki, Yamaha: wọ́n fúyẹ́, wọn kì í da ọ́ìlì sílẹ̀ láàárín ilé, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n sì ń gba kíkì. Kabúrétọ̀ wọn, Keihin ni tàbí Mikuni. Mikuni ti wà láti ọdún 1923, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Amal láti máa ṣe irú kabúrétọ̀ rẹ̀ ní Japan. Àdàkọ tún nìyẹn, èyí tí wọ́n sanwó fún.

Udoji ló sọ alùpùpù di ohun tí kì í ṣe ti ènìyàn méjì mẹ́ta mọ́. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dábàá àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1974, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjọba san èyí tó ti kọjá lápapọ̀. Tíṣà tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti ọdún gbọọrọ jí lọ́jọ́ kan, ó rí owó oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò ni àwọn kan fi rà, àwọn mìíràn ra fáànù, àwọn tó rìn jìnnà síṣẹ́ sì ra Honda.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1976, ni Honda gbé CG125 jáde. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí alùpùpù yìí, nítorí àwọn bíi tiwa ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ẹnjiníà Honda ti káàkiri àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù. Wọ́n rí ẹrù tó pọ̀ ju agbára lọ, wọ́n rí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀, wọ́n rí ṣéènì tí kò fojú kan gírísì rí. Bó bá jẹ́ ìta ọjà Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ ọjà, ohun tí wọn ì bá rí náà nìyẹn. Wọ́n padà sílé, wọ́n yọ ṣéènì tó máa ń gbé agbára lọ sókè orí ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin gbọọrọ rọ́pò rẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, wọ́n sì fi ìdérí bo ṣéènì ẹ̀yìn kí eruku má bàa bà á jẹ́. Honda Manufacturing (Nigeria), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 1981. Fún sáà kúkúrú kan, ẹni tí Keihin rẹ̀ bá bàjẹ́ lè ra Keihin mìíràn nínú páálí rẹ̀, kó má sì tíì jẹ gbèsè. Lítà epo bẹntiróòlù jẹ́ 20 kọ́bọ̀ lọ́dún 1982.

Ọdún 1982 yẹn náà ni nǹkan yí padà. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Ààrẹ Shagari sì dí ẹnu ibodè ní oṣù kẹrin: ọjà tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà kì í sì í dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ológun gbàjọba, ìyẹn kò mú pátì wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, Babangida, olórí ìjọba ológun, tú náírà sílẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà kan àti ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kọjá náírà mẹ́rin kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Kabúrétọ̀ ojúlówó di ohun tí tíṣà ń dúró wò nínú ṣọ́ọ̀bù, tí á bi iye rẹ̀, tí á sì dágbére.

Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló sọ mẹkáníìkì di oníṣẹ́ ọwọ́ ní tòótọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí fílótì bàbà àtijọ́ tí epo bá ti wọnú rẹ̀. Ọ̀gá á mì ín létí: bí ó bá ń dún gbọ́lọ́gbọ́lọ́, epo ti ráyè wọ̀ ọ́, kò lè léfòó mọ́, kabúrétọ̀ yóò máa da epo sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á gbé omi gbígbóná wá nínú agolo mílíìkì. Wọ́n á ki fílótì bọ omi, ooru á mú epo inú rẹ̀ ru, ìfóòfó kéékèèké á máa yọ níbi tó ti lu. Wọ́n á fi ìṣó sàmì síbẹ̀, wọ́n á lu ihò kejì kékeré kí epo lè jáde tán, wọ́n á wá fi lẹ́ẹ̀dì dí méjèèjì, wọ́n á sì fi ayùn họ lẹ́ẹ̀dì tó bá pọ̀ jù kúrò, nítorí bí fílótì bá wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo á ga ju bó ṣe yẹ lọ nínú ago. Táǹkì tó ń jò ńkọ́? Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, torí bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Kò sí ìkankan nínú èyí tó wà nínú ìwé Honda.

Ìhà ìlà-oòrùn ni ìdáhùn tó dúró pẹ́ ti wá. Àwọn oníṣòwò Nnewi, tí ọjà Nkwo wọn ti di ibùdó pátì mọ́tò àti alùpùpù fún gbogbo Nàìjíríà, ń gbé àpẹẹrẹ pátì ojúlówó lọ bá àwọn tó lè ṣe irú rẹ̀ ní Éṣíà, pàápàá ní Taiwan. Wọ́n á ní kí wọ́n ṣe é ní iye tí ọjà Nàìjíríà lè gbé, kí wọ́n sì fi orúkọ tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ yàn sí i lára. Bí "Taiwan" ṣe di orúkọ irú pátì kan nìyẹn nílé mẹkáníìkì: kì í ṣe ọ̀jínà, kì í sì í ṣe pàǹtí. Innocent Chukwuma, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Innoson, láti inú òwò pátì alùpùpù yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ṣe mọ́tò.

Láàárín àkókò yẹn kan náà ni iṣẹ́ alùpùpù yí padà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró àti ọmọ ilé-ìwé gíga tí kò ríṣẹ́ ń fi alùpùpù gbé èrò. Orúkọ tó mọ́ wọn lára, ọ̀kadà, láti ara ọkọ̀ òfúrufú Okada Air ti Olóyè Gabriel Igbinedion ti Benin ló ti wá, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Alùpùpù tíṣà máa ń rin ọ̀nà méjì lóòjọ́, àlọ àti àbọ̀. Ti ọlọ́kadà kì í sinmi láti ìdájí. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, tí Adó di olú-ìlú, èrò ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ tún pọ̀ sí i. Ní oko Emùré àti Èpòrò, níbi tí mọ́tò kò lè dé, ọ̀kadà ló ń gbé àpò kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹni tó ni ẹrù lórí ẹrù. Irú iṣẹ́ yẹn kò lè dúró de Keihin inú páálí.

Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà dé tìlù tìfọn. Jincheng ti Nanjing, tó jẹ́ Suzuki AX100 ní gbogbo ọ̀nà, ló kọ́kọ́ gba ìgboro. Lifan, Qlink àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, kí Bajaj ti Íńdíà tó dé pẹ̀lú Boxer rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì CG125 tí Honda fi ọgbọ́n ṣe fún aláìní di ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà ń dà kọ. Honda gbé Lifan lọ sílé ẹjọ́ nítorí ó ń ta alùpùpù tó pè ní "Hongda". Ní ti Sundiro, tí òun náà ń ṣe àdàkọ Honda, ọgbọ́n mìíràn ni Honda dá: ó bá a da òwò pọ̀ lọ́dún 2001. Ẹni tó ń dà á kọ lánàá di ẹni tó ń ṣe ojúlówó lónìí, nínú ilé iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ kan náà.

Kabúrétọ̀ náà bá wọn rìn. Ìlú Fuding, ní ẹkùn Fujian ní Ṣáínà, di ibi tí wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PZ26, PZ27, PZ30, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwòṣe Keihin. Àwọn ni wọ́n fi wáyà so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù pátì ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ lónìí, wọ́n ń dán gbinrin nínú ọ̀rá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í fi ojú dídán rà á. Á kọ́kọ́ ṣí orí rẹ̀, á fa sìláìdì sókè, á jù ú sílẹ̀: ti dáadáa á sọ̀ wẹ́rẹ́, á dún tó! nísàlẹ̀, kò ní mì sọ́tùn-ún sósì. Á gbé ojú tí wọ́n máa dè mọ́ ẹ́ńjìnnì lé orí gíláàsì, á wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tẹ́jú, kò sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó lè gbà á là. Á wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára. Ti Keihin gidi máa ń gún régé, etí lẹ́tà rẹ̀ mú. Ti àwọn tó jí orúkọ náà sábà máa ń wú, bí ẹni pé wọ́n fi amọ̀ rọ ọ́. Jẹ́ẹ̀tì ló máa wò kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni àìlera Ṣáínà pọ̀ sí jù. Wọ́n lè da ara kabúrétọ̀ dáadáa, kí ihò jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ má bá nọ́ńbà rẹ̀ mu.

Èyí ló bí ọgbọ́n kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní alùpùpù àtijọ́ mọ̀. Nítorí pé Keihin ni wọ́n wò ṣe é, jẹ́ẹ̀tì Keihin sábà máa ń wọ inú PZ láìjanpata. Ẹni tí ara kabúrétọ̀ CG rẹ̀ ti jẹ tán, tí sìláìdì rẹ̀ ń mì, lè ra Ṣáínà tuntun tó ní orúkọ ara rẹ̀, kó yọ jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ dànù, kó fi jẹ́ẹ̀tì ojúlówó tí wọn kò fi wáyà ro rí sí i. Owó jẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó odindi kabúrétọ̀. Ní òdìkejì, ẹni tí ara kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣì le, tí sìláìdì rẹ̀ ṣì fún, kò ní ìdí kankan láti jù ú nù torí pé fílótì lu tàbí abẹ́rẹ́ jẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni pé wọ́n ń jù ú nù. Pààrọ̀ yá ju àtúnṣe lọ, ọmọ iṣẹ́ òde òní kò sì tíì fojú rí agolo omi gbígbóná yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí ni nínú ni ti ayédèrú. Kabúrétọ̀ tí wọ́n ṣe ní Fuding, tí wọ́n kọ orúkọ Fuding sí, tí wọ́n tà ní iye Fuding, ọjà gidi ni, ìran Bantam àti YA-1 ni. Èyí tí wọ́n kọ Keihin sí lára, tí wọ́n kó sínú páálí Keihin, tí wọ́n sì gba owó Keihin lórí rẹ̀, olè ni ẹni tó ṣe é, olè ni ẹni tó tà á tó sì mọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìdíwọ̀n ọjà, SON, bẹ̀rẹ̀ ètò SONCAP lọ́dún 2005 kí ọjà tí kò pé ojú ìwọ̀n má bàa wọlé. Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù pátì lónìí mọ ibi tí ètò náà dé.

Epo fúnra rẹ̀ ti wá di ọ̀tá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, jẹ́wọ́ pé bẹntiróòlù tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà. Mẹ́táńọ́ọ̀lù ń jẹ síńkì àti alumíníọ́mù, ó sì ń wú rọ́bà. Kabúrétọ̀ àtijọ́, tí síńkì àti rọ́bà pọ̀ lára rẹ̀, kò ní ààbò kankan sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì dé ₦617 ní oṣù keje. Nígbà tí lítà jẹ́ 20 kọ́bọ̀, kabúrétọ̀ tó ń da epo sílẹ̀ kò ju òórùn àti ẹ̀gbin lọ. Lọ́dún 2023, oúnjẹ ọlọ́kadà ló ń kán sílẹ̀ lójú rẹ̀. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ nígbà tí wọ́n ra kabúrétọ̀ tí owó rẹ̀ rọjú jù, ilé epo ti gbà á padà.

Níbòmíràn láyé, ìtàn náà ń parí lọ. Láti ìgbà tí òfin èéfín ti le ní Yúróòpù, tí Íńdíà náà sì fi tirẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà fọ́n epo ló ń gba àyè kabúrétọ̀ lára alùpùpù tuntun. Keihin pàápàá kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó dá dúró mọ́: ní oṣù kìíní ọdún 2021, òun, Showa àti Nissin wọ inú Hitachi Astemo. Síbẹ̀, ẹni tó ní BSA lè ra Amal tuntun lónìí. Ilé-iṣẹ́ Burlen ní Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní orúkọ náà báyìí, ó sì ń ṣe irú kan tó pè ní Premier: sìláìdì rẹ̀ kì í ṣe síńkì mọ́, alumíníọ́mù tí wọ́n mú ojú rẹ̀ le ni, kó má bàa máa jẹ ara kabúrétọ̀ bíi ti àtijọ́. Ojúlówó tuntun yìí sàn ju ojúlówó àtijọ́ lọ. Owó pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà ìwọ̀nba ni ẹni tó máa bèèrè rẹ̀ ní Emùré.

Fún ẹni tí BSA bàbá rẹ̀ tàbí CG tí wọ́n fi owó oṣù rà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ju èyí lọ. Àwọn tó ń ra irin jákujàku ń ti Ìsẹ̀ dé Èpòrò, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n sì ń gbé gbogbo nǹkan kà. Kí wọ́n tó dé, ẹ tú kabúrétọ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì wé e sínú aṣọ tó gbẹ. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa fi Ṣáínà gùn ún lọ sóko lọ́la, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yẹn ni mẹkáníìkì yín máa fi mọ jẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó wọ̀ ọ́.